Owó Ìrànwọ́ Ìjọba Òkèèrè àti Ẹ̀mí Aláboyún Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ níbi ìpàdé wọn ní Kúbwà, Àbújá, ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin bàbá tí ẹ bá wa jókòó, mo kúnlẹ̀ kí i yín. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe, ohun tójú agbẹ̀bí ń rí ni mo bá wá.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tó ń lọ sí òkè òkun dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n ti ti USAID, àjọ wọn tó ń pín owó náà, pa. Kó tó dìgbà náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 dọ́là ni wọ́n ń ná lọ́dọọdún sórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí káàkiri ayé. Kò síjọba tó ń ná tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò Nyanya, pé owó oyún ṣíṣẹ́ ni, pé ó kúkú sàn kó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1973 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní wọn ò gbọdọ̀ fi owó yẹn sanwó oyún ṣíṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ fún yín, ẹ fi èyí dá a lóhùn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé lọ́dún 2023, obìnrin bíi 75,000 ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà. Nínú 10 tó kú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 tó jẹ́ tiwa.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ ti bọ́ sílẹ̀, ó ti ké, ìyá ọkọ ti ń jó níta. Ibi ti jáde, ṣùgbọ́n ilé-ọmọ kò sún kì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, aṣọ tó wà lábẹ́ ìyá ọmọ rin gbingbin, ètè rẹ̀ ń funfun, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Abẹ́rẹ́ oxytocin ló máa ń mú ilé-ọmọ sún kì, abẹ́rẹ́ yìí ò sì fẹ́ ooru rárá. Inú fìríìjì ló yẹ kó wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń múná lọ láwọn abúlé ẹ̀yìn Bwari. Fìríìjì tó ń lo oòrùn, ọkọ̀ tó ń gbé oògùn débẹ̀, ẹni tó kọ́ nọ́ọ̀sì bó ṣe máa tọ́jú rẹ̀: owó ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí olóṣèlú lè gé ríbọ́nì níwájú rẹ̀, ìyẹn ló fi ń rọrùn láti gé owó rẹ̀.

Ìjọba ni mo fẹ́ kó máa san irú owó yìí, torí agbára wọn yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́yinjú àánú. Ẹ wo Jadelle tí a fi ń fètò sọ́mọ bíbí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí à ń fi sábẹ́ awọ apá, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 5. Ní 2013, ìjọba Norway, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Sweden wà lára àwọn tó bá Bayer, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, ṣe àdéhùn ọjà púpọ̀, bí àwọn ìyá ṣe ń kówó jọ ra ìrẹsì Kebbi lápòlápò. Dọ́là 18 ló wà tẹ́lẹ̀. Ó já sí 8.50.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Kano tàbí Katsina rí mọ ọmọdébìnrin tí ìrọbí pẹ́ lára rẹ̀, tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí ọkọ lé e síta. Ní 2005, UNFPA, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbímọ, tí ìjọba oríṣiríṣi ń dáwó fún, bá ìjọba wa ṣètò iṣẹ́ abẹ ọ̀sẹ̀ méjì ní Kano, Katsina, Kebbi àti Sokoto. Obìnrin 545 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Bàbá kan bi mí pé, “Ṣé a ó máa tọrọ títí ni?” Ìbéèrè àgbà ni, ó sì dùn mí pé ó tọ́. Ìlú Àbújá yìí gan-an ni àwọn olórí Áfíríkà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní 2001 pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná máa lọ sí ìlera. A ò tíì mú un ṣẹ. Nígbà tí Amẹ́ríkà fà sẹ́yìn, Ilé Aṣòfin wa fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera ọdún 2025, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n, bàbá mi, aláboyún tó máa bímọ lóṣù yìí ò lè dúró de ìgbà tí ìṣúná wa máa tó. Kí tiwa máa pọ̀ sí i, kí tiwọn máa dín kù díẹ̀díẹ̀, kó má já lójijì: ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti gé tirẹ̀. Ní 2021 ó kúrò ní 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn, ó di 0.5, wọ́n sì ti kéde pé ó máa di 0.3 ní 2027. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́: ọmọ Nàìjíríà tó níwèé ìgbélùú níbẹ̀ lè dìbò yan aṣòfin, kódà bí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ wọn. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wọn, kí wọ́n dárúkọ ìlú yín, kí wọ́n sọ ohun tí owó yẹn ń ṣe níbẹ̀. Àwa tá a wà nílé, ẹ jẹ́ ká lọ bi ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ wa bóyá oxytocin wà nílẹ̀, ká sì kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí aṣojú wa nílé aṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ kọ lẹ́tà náà, mo ti mú ìwé àti bírò wá.