Odò Wo Nìyí? Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Fọ́tò Ilẹ̀ àti Omi Ṣe Láìparọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ayafọ́tò sọ ní Òṣogbo nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráàyè wá.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí kámẹ́rà, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Fọ́tò kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Etí odò ni mo ti yà á, nínú Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Igi ńlá na ẹ̀ka sórí omi, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sì gba àárín ewé wọlé. Nígbà tí mo délé, mo fa saturation (ìyẹn bí àwọ̀ ṣe ki tó) sókè, mo sọ omi di àwọ̀ ewé tó ń dán. Àwọn ènìyàn yìn mí. Mo wá fi han ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, tó ti ń pọnmi lódò yẹn láti kékeré. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, odò wo nìyí?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin náà mọ bí Ọ̀ṣun ṣe rí láti bí ọdún 2018: omi ti pọ́n rúsúrúsú bí omi ẹrẹ̀, nítorí iṣẹ́ àwọn tó ń wa góòlù lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀. Bí mo bá fi kọ̀ǹpútà fọ odò náà mọ́, mo ti bá àwọn tó bà á jẹ́ bo ojú ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wo fọ́tò mi ní Jámánì á ní kò sí ohun tó ṣe Ọ̀ṣun.

N kò ní kí a má tún fọ́tò ṣe o. Kámẹ́rà kì í ríran bí ojú ènìyàn. Lábẹ́ igi, ewé ló ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóriṣà, àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ sínú igbó náà á dà bíi pé wọ́n fi omi ewé ra wọ́n lára. Ìdí white balance, ibi tí a ti ń tọ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sọ́nà, ni àtúnṣe rẹ̀ wà: ẹ fa tint (ibi tí a ti ń dín àwọ̀ ewé kù tàbí fi kún un) kúrò lápá àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, títí ohun funfun á fi padà di funfun. Èmi máa ń mú páálí aláwọ̀ eérú kan dání. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ yà níbẹ̀, òun ni mo sì fi ń wọn àwọ̀ nígbà tí mo bá délé. Kí ẹ sì máa yà á ní RAW, irú fáìlì tó ń tọ́jú ohun tí kámẹ́rà rí láìtíì tún un ṣe, bí ẹ̀rọ yín bá gbà á. Ìpele 256 péré ni JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù, ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọ̀ mẹ́ta tí fọ́tò fi ń ṣiṣẹ́: pupa, ewé àti búlúù. RAW tó jẹ́ bit 14 ní ìpele 16,384. Bí sánmà bá fẹ́ funfun jù, nǹkan ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè fà padà.

Ìlú aró ni Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí n fi aró ṣàlàyé. Aláró kì í ri aṣọ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan kó ní ó parí. Á rì í, á fà á yọ, á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà máa kọ́kọ́ yọ, kó tó di aró lójú yín. Bó bá jẹ́ àyìnrín ni wọ́n bẹ̀ ẹ́, á dúró níbẹ̀. Bó ṣe yẹ ká máa fa saturation náà nìyẹn. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ dìde, ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá wò ó. Ojú tó ti tẹjú mọ́ àwọ̀ fún wákàtí kan ti mu àwọ̀ yó, kò mọ èyí tó pọ̀ jù mọ́. Vibrance ni mo fẹ́ràn jù, torí àwọ̀ tí kò lágbára ló ń gbé sókè jù. Saturation lè sún erùpẹ̀ pupa wa débi tí yóò fi di àbàwọ́n kan ṣoṣo, tí ẹ kò ní rí hóró iyanrìn kan nínú rẹ̀. Ewé ìròkò, ewé ọ̀pẹ, ewé ẹ̀gẹ́, kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba, gbogbo wọn ló sì ní àwọ̀ ìyeyè nínú. Fóònù ló ń sọ gbogbo wọn di ewé kan náà.

Ọyẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá ya òrùlé Òṣogbo láti ibi gíga ní oṣù kìn-ín-ní, páànù tó ti dípata nítòsí á hàn kedere, èyí tó jìnnà á máa wọ inú eruku lọ. Eruku yẹn ló ń sọ fún ojú pé ọ̀nà jìn. Bí ẹ bá fi dehaze gbá a dànù tán, ìlú á pẹlẹbẹ, oṣù kìn-ín-ní á di oṣù kẹfà.

Ẹ lè gé etí àwòrán. Ẹ lè tún ojú omi tó dà gẹ̀rẹ́ ṣe. Ohun tí n kò fara mọ́ ni gbígbé ohun tó wà níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún. Ní oṣù kejì ọdún 1982, National Geographic fi kọ̀ǹpútà ti àwọn pírámíìdì Giza ní Íjíbítì súnmọ́ra, kí fọ́tò tó fẹ̀ lè wọ iwájú ìwé ìròyìn tó dúró lóòró. Àwọn ènìyàn bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé ìròyìn náà fún un. Bákan náà ni fífi sánmà mìíràn rọ́pò: òrùn á wà lápá òsì, òjìji igi náà á tún bọ́ sápá òsì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè pé, bí oníbàárà bá ní dandan omi búlúù lòun fẹ́ ńkọ́? Mo ní bó bá jẹ́ fún ìwé ìpè ìgbéyàwó, kó ṣe é fún un, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a ti yí àwọ̀ padà, kó má sì pa ojúlówó rẹ́. Bó bá jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí Òṣogbo ṣe rí, kó má gbà á.

Èmi náà ti padà sídìí fọ́tò tèmi. Mo dá omi náà padà sí bó ṣe pọ́n rúsúrúsú. Mo kàn tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ìdí igi, torí ojú mi rí gbòǹgbò ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, kámẹ́rà ni kò rí i. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Lọ́jọ́ Àìkú, n ó gbé e lọ fún ìyá.