Òkú Kì í Gbọ̀n: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Òtútù Ló Pa Èèyàn

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ Rẹ́mọ, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn wa sọ ní Ṣágámù lásìkò ọyẹ́ nìyí. Mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n wádìí ohun tó pa òkú. Ọta ìbọn á dá ihò sí ara, ọ̀bẹ á fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Òtútù kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òun ló fi ṣòro fún wa láti mú.

Bí ìgbóná inú ara bá ti wálẹ̀ kọjá 35 lórí ìwọ̀n Celsius, òtútù ti borí nìyẹn. (Ti ìkókó tètè ń dé: tí tirẹ̀ bá ti kéré sí 36.5, ẹ sáré gbé e mọ́ àyà ìyá rẹ̀. Ọyẹ́ ilé wa níbí tó o ṣe.) Ṣùgbọ́n ara kì í gbà láìjà. Èèyàn á máa gbọ̀n, eyín á máa lu eyín, adrenaline, oje tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú, á máa tú sínú ẹ̀jẹ̀. Gbígbọ̀n yìí ń jẹ ṣúgà ara. Bí ṣúgà bá ń tán lọ, ara á kọjú sí ọ̀rá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún. Ọ̀rá tó ń jó yẹn ló ń mú ketone wá: beta-hydroxybutyrate, àti acetone, acetone kan náà tí àwọn ọmọge fi ń nu ọ̀dà èékánná.

Ibí gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Òkú kì í gbọ̀n. Bí ẹnì kan bá pa èèyàn nínú ilé, tó wọ́ ọ lọ sínú yìnyín, òkú náà á tutù bí òkúta, ṣùgbọ́n kò ní í lè sun ọ̀rá mọ́, kò sì ní í lè tú adrenaline. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ìtọ̀ tó kù nínú àpò ìtọ̀. Ohun tí ara ṣe ní wákàtí mélòó kan ṣáájú ikú wà níbẹ̀. Bí adrenaline àti noradrenaline, tó jọ ọ́, bá pọ̀ nínú ìtọ̀ náà, tí ketone sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ti bá òtútù jà kó tó kú.

Ọ̀kan ṣoṣo ò tó o. Àtọ̀gbẹ ń mú ketone wá, ọtí àmujù ń mú un wá, ebi náà. Ìdààmú yòówù sì lè mú adrenaline pọ̀. A gbọ́dọ̀ wo inú ara. Lọ́dún 1895, dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Wischnewski, kọ̀wé nípa àmì dúdú tó rí nínú àpòlúkù àwọn tí òtútù pa. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lókè òkun ni mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí i: òmíràn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òmíràn tó hóró ẹ̀wà, wọ́n fọ́n ká bí àmì ara àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ sínú awọ àpòlúkù ni, omi kíkan ibẹ̀ ló sọ ọ́ di dúdú. Kì í ṣe ara gbogbo wọn la ti ń rí i. Orúnkún àti ìgúnpá tún lè pọ́n, àmọ́ pípọ́n ara òkú lè tan èèyàn jẹ, torí fíríìjì mọ́ṣúárì náà máa ń mú ara òkú pọ́n.

Bí mo ṣe parí, ìyá àgbà kan dìde. “Dókítà, ọmọ àbúrò mi kú sí Kánádà. Ìhòhò ni wọ́n bá a nínú yìnyín, ó ti rá wọ abẹ́ igi tó wó. Àbúrò mi ní wọ́n pa á ni. Àwọn kan ní àsàsí ni, láti ilé.” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Mo ní, “Ìyá mi, ẹ kú ọ̀fọ̀.” Mo wá ṣàlàyé. Nínú òtútù, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ máa ń fún pọ̀ kí ooru má bàa sá jáde. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà ni pé ó máa ń rẹ àwọn iṣan náà nígbẹ̀yìn, wọ́n á ṣí, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á ya dé awọ, ẹni tó ń kú lọ á rò pé iná ń jó òun. Á bọ́ aṣọ. Àwọn mìíràn á rá wọ kọ̀rọ̀ bí ẹran tó ń wá ihò. Ìhòhò rẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí pé ẹnì kan ló pa á.

Mo ní kí ẹbí kọ̀wé sí dókítà tó yẹ òkú náà wò, kí wọ́n béèrè bóyá ó gba ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti omi inú ẹyinjú kí wọ́n tó fa oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà sí i lára, torí oògùn yẹn ń ba àyẹ̀wò jẹ́. Ìyá náà ní ọdún kejì rèé tí òun àti àbúrò òun ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn nǹkan náà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan, ó ká a wẹ́rẹ́, ó kì í bọ etí ìró rẹ̀.