Èjìká ni Ọlọ́run wí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ tòní wà lọ́kàn mi gan-an.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí a bá ti dárúkọ Ússà inú Bíbélì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń da kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi gbé àpótí ẹ̀rí. Ẹ ó ní: “Ọkùnrin yìí fẹ́ ṣe dáadáa ni. Màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ kọsẹ̀, àpótí ẹ̀rí, àpótí mímọ́ tí òfin Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, fẹ́ ṣubú, ó nawọ́ dì í mú. Kí ló ṣe tó fi kú?” Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà kò tọ̀nà. Ọwọ́ Ússà ni ẹ ń wò. Ẹ má wo ọwọ́ Ússà. Ẹ WO KẸ̀KẸ́! Kí Ússà tó nawọ́ rárá, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́.

Ẹ ti mọ ìtàn náà, mi ò ní máa tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Dáfídì ti jọba, ó ti gba Jerúsálẹ́mù, ó wá fẹ́ gbé àpótí ẹ̀rí kúrò nílé Ábínádábù wá sí ìlú. Sámúẹ́lì Kejì orí 6 sọ pé ọkùnrin 30,000 ló kó jọ. Hàápù wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, aro wà níbẹ̀. Ọba fúnra rẹ̀ àti gbogbo ilé Ísírẹ́lì ń ṣeré níwájú Olúwa. Ṣé ìtara kò sí níbẹ̀ ni? Ìtara kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Ṣé ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀? Mi ò rí i. Dáfídì fẹ́ràn Ọlọ́run dénú dénú.

Wọ́n tiẹ̀ ṣèpàdé. Kíróníkà Kìn-ín-ní orí 13 sọ ọ́: Dáfídì fọ̀rọ̀ lọ àwọn balógun ẹgbẹ̀rún, ó fọ̀rọ̀ lọ àwọn balógun ọgọ́rùn-ún, ó fọ̀rọ̀ lọ gbogbo aṣáájú. Gbogbo ìjọ sì ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé nǹkan náà tọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ gbọ́ o: ó tọ́ LÓJÚ GBOGBO ÈNÌYÀN. Ẹnu kò, ọkàn wà ní ìṣọ̀kan, owó ti jáde, wọ́n ti kan kẹ̀kẹ́. Nínú gbogbo ìpàdé yẹn, a kò rí i kà pé ẹnì kankan ṣí ìwé òfin wò.

Ibi tí ẹ máa ń fò kọjá nìyí. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀ dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún ìpàdé. Nínú Ẹ́kísódù orí 25, Ó ní kí wọ́n ṣe òrùka wúrà mẹ́rin sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n fi igi ṣítímù ṣe ọ̀pá, kí wọ́n fi wúrà bo ọ̀pá náà, kí wọ́n sì tì í bọ inú òrùka ọ̀hún, òun ni wọn yóò fi máa gbé e. Ẹsẹ 15 wá sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ kúrò nínú òrùka. Títí láé! Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e àti lọ́jọ́ tí wọn kò gbé e, inú òrùka ni ọ̀pá ń wà. Bí wọ́n bá sì ti pa àṣẹ yìí mọ́ nílé Ábínádábù, a jẹ́ pé tọ̀pátọ̀pá ni wọ́n gbé àpótí ẹ̀rí gun orí kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tí Ọlọ́run ní kí wọ́n gbà gbé e wà níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, wọ́n sì ń kọrin lọ.

Kò tán síbẹ̀. Númérì orí 4 ní àwọn àlùfáà ló máa kọ́kọ́ fi aṣọ bò ó, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Kóhátì nínú ẹ̀yà Léfì yóò wá gbé e. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má bàa kú. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Ússà! Ẹ sì wo orí 7. Àwọn ìjòyè Ísírẹ́lì mú kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́fà wá pẹ̀lú màlúù méjìlá. Mósè pín wọn. Àwọn ọmọ Géṣónì gba méjì, àwọn ọmọ Mérárì gba mẹ́rin. Àwọn ọmọ Kóhátì ńkọ́? Kò fún wọn ní ẹyọ kan. Ìdí tí Bíbélì sọ ni pé orí èjìká ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa ru ohun mímọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ọlọ́run kò kórìíra kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń gbé aṣọ àgọ́, kẹ̀kẹ́ ń gbé òpó àti pákó àgọ́, kò sì bí I nínú. Àpótí ẹ̀rí ni Ó ní kí wọ́n fi èjìká rù. ÈJÌKÁ! Tó bá jẹ́ èjìká ni, màlúù wo ni ì bá kọsẹ̀? Ọwọ́ ta ni ì bá nà sí i?

Ẹ wá bi mí pé níbo ni wọ́n ti rí ọgbọ́n kẹ̀kẹ́ tuntun yìí. Ẹ ṣí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 6. Ọwọ́ àwọn Fílístínì, ọ̀tá Ísírẹ́lì, ni! Wọ́n ti gba àpótí ẹ̀rí lójú ogun tipẹ́ kí Dáfídì tó jọba, ó wà lọ́dọ̀ wọn fún oṣù méje, ìyà jẹ wọ́n, wọ́n sì pe àwọn àlùfáà àti àwọn aláfọ̀ṣẹ wọn. Àwọn yẹn ní kí wọ́n kan kẹ̀kẹ́ tuntun, kí wọ́n wá abo màlúù méjì tí ń fún ọmọ lọ́mú, tí a kò tíì di àjàgà mọ́ lọ́rùn rí, kí wọ́n ti àwọn ọmọ wọn mọ́lé, kí wọ́n wá wò ó bóyá yóò gba ọ̀nà Bẹti-Ṣémẹ́ṣì. Màlúù méjèèjì sì ń ké lọ tààrà, wọn kò yà sọ́tùn-ún, wọn kò yà sósì.

Ó ṣiṣẹ́. Ohun tó ń kó wa sí wàhálà nìyẹn, ẹ̀yin ará: Ó ṢIṢẸ́! Ẹnì kan á sọ pé, “Ṣebí wọ́n lo kẹ̀kẹ́, Ọlọ́run kò sì bínú.” Àwọn Fílístínì kò ní Númérì lọ́wọ́. Ọlọ́run kò bá wọn dá májẹ̀mú, kò fún wọn ní àwọn ọmọ Kóhátì. Ísírẹ́lì ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n lọ yá ọgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ Olúwa.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Mo fẹ́ràn ìlù dùndún púpọ̀, nígbàkígbà tí mo bá sì ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, onílù ló máa ń wá sọ́kàn mi. Ẹ wo ọmọ ìlù kan lóde ìnáwó, tó ń lù kíkankíkan, tí òógùn ti bò ó. Bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọ̀sán, bí kò bá mọ oríkì ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, báwo ni olóde ṣe máa mọ̀ pé òun ló ń kì? Á kàn máa wò ó ni, kò ní na owó. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ oríkì ẹlòmíràn ló ń fi gbogbo agbára lù fún un! Ẹlòmíràn tún wà o: ó mọ oríkì náà látòkè délẹ̀, ó mọ orírun, ó mọ orílẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ kò dún débi tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbọ́. Ta ló kì? Ọwọ́ gbọ́dọ̀ le, ohùn ìlù sì gbọ́dọ̀ pe ẹni tí à ń kì. Méjèèjì papọ̀ ni wọ́n ń pè ní onílù.

Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nípa àwọn ará rẹ̀ nínú Róòmù orí 10 ẹsẹ 2, pé òun jẹ́rìí wọn pé wọ́n ní ìtara fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀. Inú mi máa ń dùn pé ìwé Róòmù wà lára àwọn tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Ọdún 1850 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí àwọn baba wa kọ́kọ́ rí kà ní èdè ara wọn. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí àdúgbò tiwa.

Arákùnrin kan ń lọ sí ìṣọ́ òru, kò pa ọ̀kan jẹ rí. Ó ń san gbogbo ẹ̀jẹ́ tó bá jẹ́ fún ilé Ọlọ́run. Ìyá rẹ̀ wà nílé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti tán, arákùnrin ní owó náà ti di ti Ọlọ́run. Jésù ti dá irú ẹ̀ lóhùn nínú Máàkù orí 7. Ó ní àwọn kan ń sọ pé ohun tí ìyá àti bàbá ì bá fi jàǹfààní ti di Kọ́bánì, ẹ̀bùn Ọlọ́run, wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Ìtara arákùnrin yẹn kì í ṣe irọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ló gbé e sí.

Ìjọ kan ń ta òróró fún aláìsàn. Ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ìjọ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán náà ń tà á, èrò sì kún ibẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn, àbí? Mátíù orí 10 ẹsẹ 8: ọ̀fẹ́ ni ẹ gbà á, ọ̀fẹ́ ni kí ẹ fi fúnni. Níbo ni wọ́n wá fi ọ̀pá sí?

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o! Ẹ má tíì pa fídíò yìí. Àwọn kan ti ń mi orí, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ ò rí i? Ariwo wọn ti pọ̀ jù.” Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bọ̀ wá bá. Àwọn tó gbọ́ ìtàn Ússà, tí ẹ̀rù bà, tí wọ́n wá tutù. Wọ́n mọ orí, wọ́n mọ ẹsẹ, wọn kò lè rìn dé ilé aláìsàn. Wọn kì í gbààwẹ̀, wọn kì í kọrin sókè, gbogbo ìsìn wọn kò ju kí wọ́n máa wá àṣìṣe ẹni tó ń jó. Kò síbi tí Ọlọ́run ti bá Dáfídì wí nítorí pé ó jó. Kò sí! Ẹ wá a kí ẹ fi hàn mí.

Ẹ wo ohun tí Dáfídì ṣe. Ó kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà á, ó sì yà àpótí ẹ̀rí sí ilé Obedi-Édómù ará Gátì. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀, Olúwa sì bùkún ilé ọkùnrin náà. Ní ti Ússà fúnra rẹ̀, Bíbélì kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa, èmi náà kò ní fi kún un. Ó sọ pé ó fọwọ́ kan àpótí ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dun Dáfídì. Ó yẹ kó dunni.

Nínú ìwé Kíróníkà, orí 14 wà láàárín ìrìn àkọ́kọ́ àti ìrìn kejì, àwọn ènìyàn sì máa ń fò ó nítorí pé ogun ló wà níbẹ̀. Ẹ MÁ FÒ Ó! Àwọn Fílístínì wá gbógun. Dáfídì bi Ọlọ́run pé, “Ṣé kí n lọ?” Ọlọ́run ní kó lọ, ó lọ, ó ṣẹ́gun. Wọ́n tún padà wá sí àfonífojì kan náà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin á ní ká ṣe é bí a ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ṣebí ó ṣiṣẹ́. Dáfídì tún béèrè! Ọlọ́run sì ní rárá, má lọ bá wọn níwájú lọ́tẹ̀ yìí, yí wọn ká, ìgbà tí o bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí igi ni kí o tó jáde. Ẹsẹ 16 ní Dáfídì ṣe gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ti pàṣẹ fún un. Ọba tó ti ń fi ọ̀rọ̀ lọ gbogbo balógun ti wá kọ́ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ Olúwa.

Ìgbà yẹn lẹ máa tó wọ orí 15. Dáfídì pe àwọn àlùfáà, Sádókù àti Ábíátárì, pẹ̀lú àwọn olórí ọmọ Léfì, ó ní kò sẹ́ni tó yẹ kó ru àpótí ẹ̀rí àfi àwọn ọmọ Léfì. Ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn láìfi bò: a kò wá Ọlọ́run bó ti yẹ nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ya ara wọn sí mímọ́. Wọ́n fi èjìká ru ọ̀pá, gẹ́gẹ́ bí Mósè ti pàṣẹ. Nígbà tí àwọn tó rù ú gbé ìṣísẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fi màlúù àti ẹran àbọ́pa rúbọ. Ẹsẹ 26 ní Ọlọ́run ran àwọn ọmọ Léfì tó rù ú lọ́wọ́.

Ṣé Dáfídì wá ń rọra rìn? Ṣé ó ní kí àwọn akọrin dákẹ́, kí nǹkan má bàa tún bàjẹ́? Ó yan akọrin, ó yan onífèrè, ó yan ẹni tó ń lu aro, ó wọ éfódì ọ̀gbọ̀, irú aṣọ tí àwọn àlùfáà ń wọ̀, ó sì fi GBOGBO agbára rẹ̀ jó níwájú Olúwa. Míkálì, ọmọ Sọ́ọ̀lù, wò ó láti ojú fèrèsé, ó kẹ́gàn rẹ̀ lọ́kàn. Dáfídì dá a lóhùn pé níwájú Olúwa ni òun ti jó, òun á sì tún rẹ ara òun sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìwé òfin gan-an ló jó bẹ́ẹ̀!

Ẹ ka Kíróníkà Kìn-ín-ní láti orí 13 dé orí 15 ní ìjókòó kan, lálẹ́ òní. Kẹ́ ẹ wá mú ohun kan tí ẹ ń ṣe fún Ọlọ́run, ẹ̀yin fúnra yín, kí ẹ wá ibi tí Ó ti ní kí ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orí àti ẹsẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí kò bá sì rí i, kó kọ̀wé sí mi náà, a jọ máa wá a ni.