Owó orí tí Thoreau ò san, àti ilé kékeré tó kọ́ sínú igbó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Tí wọ́n bá ti dárúkọ Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, báyìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé, áà, òyìnbó tó sá lọ sínú igbó yẹn, tó ní òun ò fẹ́ rí èèyàn sójú mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etí adágún omi Walden tó kọ́lé sí ò jìnnà sí ìlú Concord ní Massachusetts, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wọ̀lú, ó ń lọ jẹun nílé àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ń wá kí i, ojú irin rélùwéè gan-an gba ẹ̀gbẹ́ omi náà kọjá. Ká yáa mú ọ̀rọ̀ pé ó sá fún èèyàn kúrò nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí ni bó ṣe jẹ́ pé ọkùnrin tó jókòó tó ń ṣírò iye tó jẹ lórí ẹ̀wà náà ni wọ́n tì mọ́lé torí owó orí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ibi tí ìrònú yìí ti wá. Ralph Waldo Emerson ló ni ilẹ̀ yẹn, òun sì làgbà àwọn tí wọ́n ń pè ní Transcendentalist. Pásítọ̀ ni tẹ́lẹ̀ ní Boston, àmọ́ ní 1832 ó fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ọkàn rẹ̀ ò gbà á mọ́ láti máa ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní kó máa ṣe é. Ohun tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ni pé nǹkan kan wà nínú kálukú tó mọ òtítọ́ láìjẹ́ pé àlùfáà tàbí ìwé ló kọ́kọ́ sọ fún un, pé ọwọ́ Ọlọ́run tí àwọn ará àtijọ́ rí, àwa náà lè rí i lára igi àti omi lónìí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ èèyàn gidi ò gbọdọ̀ máa ṣe nǹkan kìkì torí pé báyìí ni gbogbo ayé ń ṣe é. Nígbà tó lọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ ní Yunifásítì Harvard lọ́dún 1838, inú bí àwọn àgbà ibẹ̀ débi pé ó tó nǹkan bí 30 ọdún kí wọ́n tó tún pè é wá sọ̀rọ̀.

Emerson sọ ọ́, àmọ́ Thoreau ló fi ara rẹ̀ dán an wò, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ní March 1845 ó yá àáké lọ́wọ́ èèyàn, ó wọ igbó lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi páìnì. Pákó tó fi kan ilé náà, ọwọ́ ará Ireland kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ló ti rà á, $4.25 ló san fún odidi ahéré ọkùnrin náà, ó tú u palẹ̀, ó ń yọ ìṣó, ó ń kó pákó lọ díẹ̀díẹ̀, ó wá tẹ́ wọn sórí koríko kí oòrùn lè nà wọ́n padà sípò. Ilé ọ̀hún ò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú àti 15 lóòró. July 4, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, ló kó wọ ibẹ̀. Gbogbo ìnáwó ló kọ sílẹ̀, ìṣó $3.90, kódà ṣọ́ọ̀kì tó ra sẹ́ǹtì kan wà níbẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ $28.12½. Nígbà yẹn, $30 lọ́dún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún yàrá kan ṣoṣo ní Harvard. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ilé, ẹ gbọ́ yẹn o!

Ó wá dáko, éékà méjì àbọ̀, ẹ̀wà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó tún gbin ànàmọ́ àti àgbàdo díẹ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ kùtù á ti wà lóko láìwọ bàtà, ìrì á ṣì wà lórí iyanrìn, á máa fi ọkọ́ ro ìdí ẹ̀wà. Nígbà tó yọ ìnáwó kúrò, èrè rẹ̀ jẹ́ $8.71½. Owó kékeré ni lóòótọ́, àmọ́ ó ní tóun bá ṣiṣẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dún, òun ti rówó ná tán, ìyókù ọdún wá di tòun, òun lè kàwé, òun lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà wo omi látàárọ̀ dọ̀sán.

Ìṣirò rẹ̀ rèé: iye tí nǹkan jẹ́ ni iye ọjọ́ ayé rẹ tó o máa fi rà á. Ó mú Fitchburg ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tó jìnnà tó máìlì 30. Owó ọkọ̀ ojú irin débẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 90, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní tóun bá fẹsẹ̀ rìn látàárọ̀, òun á débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, ìwọ ní tìẹ á ṣì máa ṣiṣẹ́ kó o lè rówó tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi gbà pé ta ló yára jù yẹn ò ṣòro láti dáhùn.

Ó dáa. July 1846, ó wọ ìlú wá gba bàtà tó fún ṣúmékà tún ṣe, ni ọlọ́pàá bá mú un. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ò ti san owó orí, torí ìjọba tó ń ti àwọn olówó ẹrú lẹ́yìn, tó tún lọ ń bá Mexico jagun, ó ní òun ò ní fowó òun ràn án lọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an, ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó àwọn èèyàn tiwa lọ sí Cuba àti Brazil. Ó sun ẹ̀wọ̀n mọ́jú, ẹnì kan bá a san owó náà, wọ́n tú u sílẹ̀, ó lọ gba bàtà rẹ̀, ó sì bá àwọn kan lọ já èso igbó.

Nínú àròkọ tó kọ lórí rẹ̀, tó jáde ní 1849, ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ó ní òun bá àwọn aládùúgbò òun sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ pé nǹkan tí ìjọba ń ṣe ò dáa, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n nítorí dúkìá àti ìdílé wọn. Ó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kéèyàn má kó nǹkan jọ rẹpẹtẹ, kó dáko kékeré, kó tètè jẹ ẹ́ tán. Ẹ rí i báyìí pé ilé $28 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́, ẹni tí ìjọba ò rí ohun púpọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ máa ń gbà láti sọ pé rárá.

Àmọ́ o, nǹkan kan wà tí mi ò ní fò dá. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀ ti gbé igbó Walden yẹn ṣáájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kọ orúkọ wọn sínú ìwé rẹ̀: Brister Freeman, Cato Ingraham, àti Zilpah, obìnrin tó ń ran òwú fún àwọn ará ìlú, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé rẹ̀ nígbà ogun 1812, ológbò, ajá àtàwọn adìyẹ rẹ̀ jóná síbẹ̀. Wọn ò yan ìgbé ayé ìwọ̀ǹba bíi ti Thoreau, ibi tó kù fún wọn nìyẹn. Thoreau kàwé ní Harvard, bàbá rẹ̀ ń ṣe pẹ́ńsùlù tà, nígbà tó sì wù ú ní September 1847 ó kó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún tálákà gbọ́dọ̀ ronú síyẹn dáadáa.

Ohun tó jẹ́ kí n ṣì gbà á gbọ́ ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Òfin 1850 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ran ẹrú tó sá lọ́wọ́. Lọ́dún 1851 ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Williams, tó ti sá kúrò lóko ẹrú ní Virginia lọ sí Boston tẹ́lẹ̀, sá wá sí Concord, ó dúró sílé àwọn Thoreau títí wọ́n fi dáwó jọ fún un. Thoreau lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ló bá rí ẹnì kan ní ìdíkọ̀ tó jọ ọlọ́pàá Boston, ó fara balẹ̀, kò rà á nígbà yẹn. Ó dúró títí ọ̀nà fi là, ó wá mú Williams wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sọ́nà Kánádà.

Ibi tí mo máa dúró sí nìyẹn, ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè.