Sẹ́ẹ̀lì Tó Rò Pé Afẹ́fẹ́ Ti Tán

Ẹ kú ìjókòó o. Kókó kan tó ń hù nínú ara, tí dókítà lè ṣiṣẹ́ títí á fi fẹ̀yìn tì láìrí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ ni mo bá wá lónìí. Pheochromocytoma lorúkọ rẹ̀. Bí ẹnu yín bá kọsẹ̀ níbẹ̀, ti èmi náà kọsẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹṣẹ́ kékeré kan dé bíi fìlà. Ibẹ̀ ni adirẹnálíìnì ti ń wá, họ́mọ́nù tó ń mú àyà wa já bí ajá bá ṣàdédé gbó mọ́ wa. Bí kókó yìí bá hù níbẹ̀, ajá kankan ò gbó, síbẹ̀ ọkàn á máa lù kìkì, orí á máa fọ́, òógùn á bo èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á ru gidi. Tó bá ṣe díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè tún rọlẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ní 1886, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan kú nílùú Freiburg ní Jámánì. Dókítà Felix Fränkel kọ àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀: kókó wà lórí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì. Ọdún 2007 ni àwọn olùwádìí tó ṣàwárí àwọn ẹbí rẹ̀ tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n sì bá àṣìkọ nínú jíìnì wọn (ìlànà tí à ń jogún, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń jẹ́ RET.

Kì í ṣe gbogbo jíìnì ló ń jí nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì o. Èyí tó jí ló ń ṣiṣẹ́, èyí tó sùn kàn wà níbẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wo àwọn jíìnì tó jí nínú kókó oríṣiríṣi aláìsàn, àgọ́ méjì ló hàn ketekete. Nínú àgọ́ RET, jíìnì PNMT wà lójúfò, òun ló ń sọ noradirẹnálíìnì, họ́mọ́nù tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, di adirẹnálíìnì. Nínú àgọ́ kejì, tí àṣìkọ wà nínú jíìnì VHL, SDHB tàbí SDHD, PNMT sùn lọ fọnfọn, noradirẹnálíìnì ló sì ń ya jáde. Àwọn tó jí níbẹ̀ ni jíìnì tó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tuntun, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ti tán.

Afẹ́fẹ́ ò sì tán! Ibi ìdáná sẹ́ẹ̀lì ni SDH, èròjà tí jíìnì SDHB àti SDHD ń ṣe apá kan rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá bàjẹ́, succinate, ohun tó yẹ kí SDH jó, á kún ibẹ̀ bí eérú tí ẹnikẹ́ni ò kó nínú ààrò. Eérú yìí ló ń dí àwọn tó yẹ kó fi àmì sára HIF, kí èròjà tí jíìnì VHL ń ṣe lè rí i kó sì mú un lọ pa. HIF ni alágogo ara wa nígbà tí ọ́síjìn bá dínkù. Tí kò bá kú, agogo ò ní dákẹ́. Kaelin, Ratcliffe àti Semenza, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n tú àṣírí agogo yìí, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ẹ tún wo òkè Andes ní Peru, níbi tí ọ́síjìn ti kéré lóòótọ́: kókó ọrùn tó jẹ́ ìbátan èyí wọ́pọ̀ níbẹ̀ ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá kan nawọ́ sókè: “Dókítà, ọ̀dọ̀ ìyá ni ó ti ń wá àbí ọ̀dọ̀ bàbá?”

Ẹ ṣeun, mà. Ní ti SDHD, ìyá lè gbé e fọ́mọ, bàbá náà lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á lọ́wọ́ bàbá ni kókó sábà máa ń mú. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ìyá, agbára káká ni. Bí onítọ̀hún bá wá jẹ́ ọkùnrin, tó sì bímọ, ewu ti padà dé bá ọmọ náà nìyẹn. Ìdí rèé tí n kì í fi dúró lórí “ṣé ó ṣe bàbá yín rí?” Mo máa ń béèrè ìyá bàbá, mo sì tún máa ń béèrè bàbá ìyá bàbá yẹn.