Lẹ́tà Ṣì Wà Lọ́nà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ṣé dáadáa la jí? Bíbélì kíkà wa láàárọ̀ yìí ni Ẹ́sírà 5:3 títí dé 6:12. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á kẹ́ ẹ tó jáde.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ ṣe íntáfíù ní ilé ìkàwé kan nílùú Ìbàdàn wa níbí. Mo wọ Micra láti Bẹẹrẹ lọ sí Mọ́kọ́lá, àwa mẹ́ta lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n tòmátò ẹnìkan, mo gbá fáìlì sàtífíkéètì mi mọ́ àyà bí ọmọ jòjòló. Ẹni mẹ́ta ló jókòó dè mí. Wọ́n bi mí ní èyí tí wọ́n máa ń bini: kí ló dé tó o fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí, kí lo máa ṣe bí ẹnìkan bá ń pariwo níbi tí àwọn èèyàn ti ń kàwé. Mo dáhùn. Àfi ìgbà tí màmá kan nínú wọn gbé ìwé mẹ́fà kalẹ̀ pé kí n tò wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n wà lórí pẹpẹ. Ọ̀kan ní nọ́mbà 306.4 lẹ́yìn, òmíràn ní 306.38. Ọwọ́ mi ti ń gbé 306.4 lọ síwájú, nítorí ta ni kò mọ̀ pé 4 kéré sí 38? Òógùn bò mí. Mo wá rántí pé lẹ́yìn pọ́íǹtì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń kà: 3 ṣáájú 4, nítorí náà 38 ló máa kọ́kọ́ dúró. Mo yí wọn padà. Màmá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "A máa pè ọ́."

Ẹ̀rín yẹn ni mò ń lá bí oyin láti ọjọ́ náà. Mò ń kọrin nídìí ààrò, mo ti ń ronú irú bàtà tí ò ní máa dún kò-kò-kò láàárín àwọn òǹkàwé. Ó wá di alẹ́ ọjọ́ Sátidé, Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pè ọ́?"

"Rárá, mà. Wọn ò tíì pè."

"Hmm. Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì o. Wọ́n lè ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ mú nílẹ̀."

Kò ní mí nínú. Ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún íntáfíù náà ṣe lórí ibùsùn, mò ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka Ẹ́sírà náà, ẹ wo àwọn Júù wọ̀nyí. Wọ́n ń kọ́ tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù. Kírúsì ọba Páṣíà ló pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Kírúsì ti kú, àṣẹ rẹ̀ sì ti tó bí ọdún 18. Táténáì gómìnà dé, ó ní ta ló fún wọn láṣẹ. Wọ́n ní Kírúsì ni. Ó kọ lẹ́tà sí Dáríúsì ọba pé kí wọ́n lọ wo inú àwọn ìwé ààfin bóyá òótọ́ ni. Ọ̀nà náà jìn gan-an: Ẹ́sírà fúnra rẹ̀ fi oṣù 4 rin ín láti Bábílónì dé Jerúsálẹ́mù. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà nínú lẹ́tà tí wọn ò lè sáré bá mọ́.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Orí 5, ẹsẹ 5: ojú Ọlọ́run wà lára àwọn àgbààgbà wọn, iṣẹ́ ò sì dúró títí èsì fi dé. Òkúta lórí òkúta ni wọ́n ń tò, lẹ́tà ń lọ. Ẹsẹ yìí ti ń kọjá lójú mi láti ìgbà tí mo ti wà ní Sunday School, àfi àná ni mo tó rí i.

Bábílónì ni wọ́n ti ní kí wọ́n wá ìwé náà. Ẹkibátánà, ìlú mìíràn pátápátá, ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá mọ ilé ìkàwé mọ irú èyí: ìwé kúrò ní àyè rẹ̀, ẹ ti rò pé wọ́n ti jí i, kó tó di pé ẹnìkan rí i ní pẹpẹ kejì. Ó yẹ kó yé àwa ará Ìbàdàn dáadáa. Láti 1951 ni Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, ti ń kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, tó ń wá àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ tí ikán àti òjò fẹ́ bà jẹ́. Ní 1954 ni ọ́fíìsì tó wá di National Archives, ibi tí wọ́n ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ilé rẹ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn títí dòní, orúkọ Dike sì wà lára ilé ìkàwé yunifásítì náà. Bí èèyàn lásán bá lè wá ìwé kan báyìí, kò sí fáìlì mi tó lè pamọ́ fún Ọlọ́run.

Nígbà tí èsì Dáríúsì dé, ó ní kí wọ́n máa kọ́lé lọ, ó tún ní owó iṣẹ́ náà á ti àpò ìjọba wá. Gómìnà tó ń bi wọ́n léèrè ló máa san án.

Àwọn kan á ní kí n máa kéde pé iṣẹ́ náà ti di tèmi. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́bọ̀, tó yá báírò lọ́wọ́ mi. Òun náà ní Ọlọ́run. Màá retí, mi ò ní jagun.

Mo ní ọmọ mẹ́fà tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ní ìrọ̀lẹ́. Owó wọn ò tó nǹkan, láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sì ti ń ṣe bí ẹni tó ti kúrò níbẹ̀. Ògiri tèmi nìyẹn. Màá padà sídìí rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba wa, a dúpẹ́ fún oorun àti fún jíjí. A dúpẹ́ fún ìlẹ̀kùn tó ṣí débi tí wọ́n fi gbọ́ ohùn wa nínú yàrá yẹn. Gbogbo ìdáhùn tí a fi ń jẹ ara wa níyà lóru, gbà á lọ́wọ́ wa.

Olúwa, gbogbo ẹni tó ń retí èsì láàárọ̀ yìí, yálà ti iṣẹ́ ni, ti ilé ìwé ni, tàbí ti àyẹ̀wò ọsibítù, jẹ́ kí ojú rẹ wà lára wọn kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má dúró. Ibi tí orúkọ wọn bá há sí, kì báà jẹ́ Ẹkibátánà, rán ẹni tó máa ṣí i síbẹ̀.

Bá mi bùkún ọmọbìnrin tó yá báírò mi. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n mú, má jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Fún èmi náà níṣẹ́. Bùkún Ìyá Ìbejì. Ràn mí lọ́wọ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dáadáa ní agogo mẹ́rin.

Bí wọ́n bá sì pè lónìí, Olúwa, jẹ́ kí iná wà, kí fóònù mi má kú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.