Àgbàdo Méjì, Àròpín Méjì: Ṣé Ìyàtọ̀ Wà Lóòótọ́?

Ẹ wo ohun tí mo kọ sójú pátákó yìí. Ká sọ pé a rí àgbẹ̀ 20 ní agbègbè Kétu. Kèké la fi pín irúgbìn fún wọn: mẹ́wàá gba àgbàdo ìbílẹ̀, mẹ́wàá gba irúgbìn tuntun, ilẹ̀ tí kálukú dá ò ju ara wọn lọ. Ìgbà ìkórè dé. Àròpín ti irúgbìn tuntun jẹ́ kílò 52, ti ìbílẹ̀ jẹ́ kílò 47.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́! Ká tiẹ̀ ní irúgbìn kan ṣoṣo la fún gbogbo wọn, àròpín méjèèjì ò ní dọ́gba géérégé. Ilẹ̀ ẹnì kan lọ́ràá, ẹyẹ jẹ oko ẹlòmíràn. Ìbéèrè wa rèé: tí irúgbìn méjèèjì ò bá yàtọ̀ rárá, ṣé irú àlàfo kílò 5 yìí lè ṣèèṣì yọ jáde?

Mo mọ̀ pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wá écart-type, ìyẹn bí ìkórè àwọn àgbẹ̀ ṣe fọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ àròpín tó, mi ò ní padà sórí ẹ̀. Ti irúgbìn tuntun jẹ́ 8, ti ìbílẹ̀ jẹ́ 6. Ó yá: 8 lọ́nà 8, 64, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, 6,4. 6 lọ́nà 6, 36, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, 3,6. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 10. Ẹ tẹ racine (√) lórí calculatrice, 3,16. Ẹ wá fi 3,16 pín 5. Ó di 1,58. Òun ni t.

Èmi o, tí mo bá ti rí t báyìí, ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kílò 5 tó wà lókè ni ìlù. 3,16 tó wà nísàlẹ̀ ni ariwo ọjà tó wà láàárín ìwọ àti onílù. Etí rẹ ò gbọ́ ìlù nìkan, ó ń gbọ́ ìlù pẹ̀lú ariwo.

Pẹ̀lú ìlànà tí Welch, onímọ̀ ìṣirò kan, gbé jáde lọ́dún 1947, t wa gbọ́dọ̀ kọjá 2,11 ká tó lè sọ pé ìyàtọ̀ wà ní ìdiwọ̀n 0,05, ìyẹn ni pé bí ìyàtọ̀ ò bá sí, irú t bẹ́ẹ̀ ò ní ṣèèṣì yọ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ nínú 100. Kò dé ibẹ̀. p rẹ̀, ìyẹn iye tí a fi ń wé 0,05 yẹn, jẹ́ nǹkan bí 0,13.

Ibí gan-an ni ẹ ti máa ń ṣìnà! Ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: «Irúgbìn méjèèjì ò yàtọ̀.» RÁRÁ O! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Pé o ò gbọ́ ìlù, ṣé ìyẹn ni pé wọn ò lùlù? Ohun tẹ́ ẹ lè sọ ni pé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa ò tíì tó. Àwọn mìíràn á ní p túmọ̀ sí pé ìdá 13 nínú 100 ni àǹfààní pé irúgbìn méjèèjì bára mu. Ìyẹn náà kọ́! p ń sọ bí irú àlàfo yìí, tàbí èyí tó jù ú lọ, ṣe máa ń wáyé tó BÍ ÌYÀTỌ̀ Ò BÁ SÍ. Bí ìyàtọ̀ ò bá sí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi hàn yín. Ẹ sọ àgbẹ̀ mẹ́wàá di 40 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí àròpín àti écart-type wà bí wọ́n ṣe wà. Ìsàlẹ̀ di 1,58, t di 3,16, p wá kéré ju 0,01 lọ. Kílò 5 yẹn náà ni o! Ìlù ò le sí i, ọjà ló dákẹ́.

William Gosset ló ṣí ọ̀nà yìí lọ́dún 1908. Ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀nba àyẹ̀wò díẹ̀ dán ọkà bálì wò. Wọn ò jẹ́ kó fi orúkọ ara ẹ̀ tẹ̀wé, ló fi kọ «Student» síbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an, nítorí pé ìṣòro àwọn tí àyẹ̀wò wọn ò pọ̀ ló yanjú, irú tiwa gẹ́lẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ àgbẹ̀ kan náà ló gbin irúgbìn méjèèjì sínú oko ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìṣirò òkè yìí. Ẹ yọ ìkórè ìbílẹ̀ kúrò nínú ti tuntun fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá àròpín ohun tó ṣẹ́ kù jìnnà sí òfo. Àgbẹ̀ mẹ́wàá, iye mẹ́wàá. Kì í ṣe 20.